Ta Ló Rẹ́ Ìka Wa Dọ́gba?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sùn o!"

Àbúrò mi ló pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mi. Oorun kò kùn mí o. Jagunjagun tí mò ń darí nínú kọ̀ǹpútà ló ní kó má sùn. Ọkùnrin náà ti jà títí, bẹ́ẹ̀dì sì wà níwájú rẹ̀ nínú ilé èrò. Mo bi í pé kí ni oorun ṣe. Ó ní, "Tí ẹ bá ti sùn, ipele yín á gòkè. Tí ipele yín bá ti gòkè, gbogbo ayé ló máa le sí i. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Irú eré wo wá nìyí, tí ènìyàn ń sá fún àtidàgbà nínú rẹ̀?

The Elder Scrolls IV: Oblivion lorúkọ géèmù náà. Bethesda Game Studios ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é, ó sì jáde ní oṣù kẹta ọdún 2006. Ẹlẹ́wọ̀n lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á pa ọba lójú yín, ẹnu ọ̀nà ọ̀run àpáàdì á máa ṣí káàkiri ilẹ̀ Cyrodiil, ọ̀rọ̀ náà á sì já lé yín léjìká. Igbó wà níbẹ̀, ihò àpáta wà, iwin wà. Ọdẹ inú ìwé Fágúnwà kò ní sọnù níbẹ̀. Ibi tó bá sì wù yín lẹ lè kọ́kọ́ yà sí.

Òmìnira yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ fún àwọn tó ṣe é. Bí wọ́n bá fi abàmì ẹranko sínú ihò kan, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tó bá ṣèèṣì wọ ibẹ̀ ti kú nìyẹn. Bí wọ́n bá fi eku síbẹ̀, akọni tó bá dé ibẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la á máa yán. Morrowind, géèmù tí wọ́n ṣe ṣáájú rẹ̀ ní 2002, ti fi èkejì yìí hàn wọ́n: ẹni tó bá pẹ́ nínú rẹ̀ á lágbára débi pé kò sí ohun tó tún lè dẹ́rù bà á. Nítorí náà, nínú Oblivion, àkójọ ni wọ́n fi sínú ọ̀pọ̀ ihò. Bí ẹ bá ti débẹ̀, géèmù á wo ipele yín, á sì ṣa ohun tó bá yín mu nínú àkójọ náà. Ní ipele 1, ẹ lè bá eku tàbí ìkookò pàdé. Nígbà tó bá fi máa di ipele 20, minotaur ni, ẹran abìwo tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn bí ènìyàn.

Ó dùn létí. Àmọ́ ẹ wá wo dánàdánà. Lójú ọ̀nà Cyrodiil, olè kan á yọ sí yín, á ní kí ẹ kó owó wúrà 100 kalẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀mí yín. Nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀wù yẹpẹrẹ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ipele yín bá ti lé ní 20, irú olè yẹn náà ni, owó 100 yẹn náà ló ń béèrè, àmọ́ ẹ̀wù ogun onídígí ló wọ̀, ẹ̀wù tó jẹ́ pé bó bá tà á, kò tún níí nídìí tó fi máa dá ẹnikẹ́ni lọ́nà mọ́.

Ká ní ọpọ́n ayò la tẹ́. Ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Mo jẹ méjì, ẹnì kan tó dúró tì wá bu méjì sílé ẹni tá a jọ ń ta. Mo jẹ mẹ́ta, ó tún bu mẹ́ta sí i. Lóòótọ́, ọ̀ta àti òpè á dọ́gba. Ta ló máa jókòó ti irú ọpọ́n bẹ́ẹ̀ di ìrọ̀lẹ́?

Àwọn àgbà ní ìka ò dọ́gba. Kí n má parọ́, òwe yìí kì í sábà dùn mọ́ mi. Ẹnu ẹni tó mú itan ẹran la ti máa ń gbọ́ ọ, bó bá ń na eegun sí ẹlòmíràn, bí ẹni pé Ọlọ́run ló pín in. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń bu òkèlè iyán. Àtàǹpàkò kúrú, ti àárín gùn, èyí tó kéré jù fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá wá ká jọ láti gbá òkèlè mú, orí wọn á pàdé. Kí ẹnì kan wá fi ọ̀bẹ rẹ́ wọn dọ́gba, ká wò ó bí òkèlè kò níí bọ́. Yorùbá ní dọ́gba, ó ní déédéé. Ọwọ́ tí ìka rẹ̀ bá dọ́gba kò ṣe déédéé mọ́.

Géèmù yìí rẹ́ ìka, ó sì rẹ́ ẹ wọ ara. Iṣẹ́ ọwọ́ 21 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ó mú 7 níbẹ̀ ṣe pàtàkì. Bí àwọn 7 náà bá ti gòkè nígbà 10 lápapọ̀, tí ẹ bá sùn, ipele yín ti kún nìyẹn. Ẹni tó bá mú eré sísá, fífò, ọjà nínà àti ọ̀rọ̀ dídùn ṣe pàtàkì, bó ti ń tọ kiri ìlú bí ọ̀pọ̀lọ́ ni ipele rẹ̀ ń gòkè. Idà rẹ̀ kò mú ju ti àná lọ, àmọ́ àwọn goblin inú igbó kò béèrè bí ipele ọ̀hún ṣe dé. Ẹ̀mí wọn ti ń le sí i ní tiwọn. Ni àwọn eléré bá dá ọgbọ́n: iṣẹ́ tí wọn kì í ṣe ni wọ́n ń mú ṣe pàtàkì, kí ipele má baà tètè gòkè. Àwọn míì kò sùn mọ́ rárá, wọ́n sì parí gbogbo ìtàn náà bí ọmọ àná. Ibẹ̀ ni ariwo àbúrò mi ti wá.

Àwọn tó ṣe é fi ọ̀pá kékeré kan síbẹ̀ tí ènìyàn lè fà sọ́tùn-ún tàbí sósì kí eré le tàbí kó rọ̀. Bí ohun ìjà ṣe ń dunni tó nìkan ló ń yí padà. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, wọ́n ní ká máa dá iná sí i.

Àwọn eléré fúnra wọn ló wá iyọ̀ náà rí. Bethesda ti fi irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Construction Set sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, òun ni wọ́n fi ń tú inú géèmù wò tí wọ́n sì fi ń ṣe mọ́òdù, ìyẹn àtúnṣe tí eléré fúnra rẹ̀ ṣe sí géèmù. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn tó tún ìjà àti ẹranko tò ni Oscuro's Oblivion Overhaul, tí wọ́n gé kúrú sí OOO. Ó dá ìka padà sí bó ṣe gùn tó. Ihò kan wà tí ọmọdé lè wọ̀ kó sì jáde láyọ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó wọ̀ ọ́ kí ẹ tó kẹ́kọ̀ọ́. Dánàdánà padà sí aṣọ dánàdánà. Ohun ìjà gidi ṣọ̀wọ́n, ó sì ní ibi tó wà. Kì í ṣe gbogbo mọ́òdù ló mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ o. Àwọn kan gbà pé kí wọ́n máa na eléré ní pàṣán láti òwúrọ̀ dalẹ́ ni déédéé.

Ìjà àwọn mọ́òdù fúnra wọn tún wá ńkọ́? Bí méjì bá fọwọ́ kan àkójọ kan náà, èyí tó wọlé kẹ́yìn lọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ. Ti àkọ́kọ́ á dà bí ẹni pé kò wáyé rí. Ẹnì kan fi ẹranko 10 sínú àkójọ, ẹlòmíràn fi 5 sí i, àwọn 5 yìí nìkan lẹ máa rí. Irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Wrye Bash tó máa ń ka gbogbo wọn, tó sì ń pò wọ́n pọ̀ di àkójọ kan ṣoṣo. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo ń pè é ní tèmi. Òun ló jẹ́ kí FCOM ṣeé ṣe, èyí tó so OOO pọ̀ mọ́ Martigen's Monster Mod àti mọ́òdù Francesco, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ to FCOM gbọ́dọ̀ ní sùúrù onídìrí tó ń di irun wẹ́wẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí sí Oblivion. Ẹni tó ṣe OOO rí iṣẹ́ ní Obsidian Entertainment, ó sì wà lára àwọn tó ṣe Fallout: New Vegas ní 2010. Nínú eré yẹn, bí ẹ bá jáde ní Goodsprings, ìlú tí eré ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ ní ọ̀nà àríwá lẹ fẹ́ gbà kí ẹ lè tètè dé Vegas, agbọ́n ràgàjì tó ń jẹ́ cazador á pàdé yín lọ́nà, kò sì sí èyí tó máa béèrè ipele yín. Nínú Skyrim, géèmù tó tẹ̀ lé Oblivion ní 2011, Bethesda náà fún ọ̀pọ̀ ibi ní ìwọ̀n tí líle wọn kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n tún Oblivion ṣe ní 2025, wọ́n tún ètò ipele rọ dáadáa, àmọ́ àwọn ọ̀tá ṣì ń bá eléré ga. Àwọn onímọ́òdù ò jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àbúrò mi náà ló bá mi to OOO sínú kọ̀ǹpútà. Mo mú idà, mo yan wọ ihò kan lẹ́bàá ọ̀nà. Mi ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi gbé òkú mi sílẹ̀. Mo tún wọ̀ ọ́, wọ́n tún pa mí. Mo yíjú sí i. Ó ti ń rẹ́rìn-ín látẹ̀yìnwá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ihò yìí sílẹ̀ ná. Ẹ lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn díẹ̀, kí ẹ sì sùn."