Bí Orísun Bá Ń Tán Lọ Ńkọ́?

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Òwe yìí làwọn àgbà máa ń pa fún àwa ọmọ tí a kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Mi ò bá àgbà jiyàn o, àmọ́ lójú tèmi, òwe náà ṣì ku apá kan. Takakkaw ló kọ́ mi.

Ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà, nínú Ọgbà Yoho tí ìjọba ń dáàbò bò, ni ọ̀ṣọọ̀rọ̀ omi náà wà. Ó ga tó mítà 373. Èdè àwọn Cree, ọmọ onílẹ̀ Kánádà, ni orúkọ méjèèjì: Takakkaw ni “ó kàmàmà”, Yoho sì dà bí “háà!” tiwa. Àǹtí mi tó ń gbé Calgary ló mú mi lọ nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ọ̀pọ̀ àlejò kàn ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà. Wọ́n rí omi, wọn ò rí ibi tó ti ń wá.

Àwa fẹsẹ̀ rìn gba inú igbó dé Adágún Yoho, a tún gòkè débi tí igi ò ti hù mọ́. Níbẹ̀ la ti rí i lódìkejì àfonífojì: yìnyín ńlá tó tẹ́ sórí òkè, tí wọ́n ń pè ní Daly. Òun ló ń yọ́ di omi Takakkaw. Ní Assop wa níbí, òjò ló ń mú omi pọ̀; tiwọn, oòrùn ni. Irú yìnyín orí òkè bẹ́ẹ̀ ló ń lọ òkúta kúnná bí èlùbọ́, òun ló sọ Adágún Emerald di àwọ̀ ewé.

Àmọ́ ayé ń móoru, yìnyín ibẹ̀ sì ń dín kù. Odò ò gbàgbé orísun o. Orísun gan-an ló ń tán lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà lèdè wa. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa ni orísun. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń pè wá wá jẹun, tó jẹ́ ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ nìkan la ń gbọ́ Yorùbá, kí lodò fẹ́ rántí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi bá wa wí, ẹ fi rán wa níṣẹ́, ẹ fi bá wa ṣàwàdà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí àwa náà má jókòó sínú mọ́tò. Ká fẹsẹ̀ rìn tọ àwọn àgbà lọ, ká bi wọ́n léèrè, kí yìnyín tó yọ́ tán.