Ẹ má fi ọmọ tó ń ṣe ìṣirò ṣe yẹ̀yẹ́

Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́ yóò kan Ìkàtẹ́ Ẹlẹ́gúṣì kó tó dé Jakande. Abúlé apẹja ni ibẹ̀ láyé àtijọ́. Lónìí, ilé alájà púpọ̀ tí wọ́n fi dígí ṣe ojú wọn ló kún ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló sì gba ẹnu tọmọdé tàgbà. Bí ẹ bá fara balẹ̀ bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń mú oníbàárà lọ wo ilẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n kọ́ ní yunifásítì, kò ní yà mí lẹ́nu bí ẹ bá bá ẹni tó ka ìṣirò tàbí físíìsì pàdé láàárín wọn. N kò sọ pé ilẹ̀ títà kò dára o. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tó ń dùn mí ni ìbéèrè tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń gbọ́ látẹnu bàbá, ìyá àti ẹ̀gbọ́n kó tó jáde nílé ìwé: "Ìṣirò tí o gbájú mọ́ yìí, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè náà lónìí, ìṣirò tó dà bíi pé kò wúlò rárá ni n óò sì fi dáhùn rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ físíìsì kan gbà pé bí a bá fọ́ ohun gbogbo láyé yìí sí wẹ́wẹ́, irin ni o, omi ni o, títí tí kò fi ṣe é fọ́ mọ́, okùn tín-ín-tìn-tín tó ń gbọ̀n la ó bá nísàlẹ̀. Ẹ wo ìlù dùndún. Ìlù kan náà ni, ṣùgbọ́n bí onílù bá ṣe fún ọsán rẹ̀ mọ́ra ni ohùn rẹ̀ ń yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní okùn yìí rí: bó bá gbọ̀n báyìí, a di ẹyọ tó ń gbé iná mànàmáná kiri inú wáyà, bó bá gbọ̀n lọ́nà mìíràn, a di ìmọ́lẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìṣirò wọn kò bára mu àfi bí ayé bá ní ìhà mẹ́sàn-án, dípò gígùn, ìbú àti gíga tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n ní mẹ́fà yòókù ká jọ síbi tó kéré ju ohun tí ojú lè rí, bí ẹní tí a ká, tí ẹni tó wà lókèèrè yóò rò pé ọ̀pá ni. Àwọn ohun kíká yìí ni wọ́n ń pè ní Calabi-Yau, orúkọ Eugenio Calabi, tí wọ́n bí ní Ítálì, àti Shing-Tung Yau, tí wọ́n bí ní Ṣáínà.

Ní nǹkan bí ọdún 1990, wọ́n ṣàkíyèsí pé méjì méjì ni àwọn nǹkan yìí ń rìn. Ìrísí méjì tí kò jọra rárá ni, síbẹ̀ bí okùn bá gbọ̀n nínú èyí tàbí nínú ìyẹn, ayé kan náà ni yóò jáde. Wọ́n wá pe ọ̀kan ní dígí èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n fi bí àwọn baba wa ṣe ń ka nǹkan ṣàlàyé. Ẹni tó bá fẹ́ ka 45 lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ogójì, kó fi márùn-ún kún un. Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Orí àádọ́ta ni wọ́n lọ dúró sí, wọ́n yọ márùn-ún kúrò, wọ́n pè é ní márùndínláàádọ́ta. Ọ̀nà méjì ni, iye kan náà. Ohun tó nira fún ẹni tó ń ti iwájú bọ̀ lè rọrùn fún ẹni tó ń ti ẹ̀yìn bọ̀.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ń bi ara wọn tipẹ́ pé ìlà gbọọrọ mélòó ló wà lórí ọ̀kan nínú àwọn ìrísí wọ̀nyí. Kí ọdún 1900 tó dé ni wọ́n ti mọ̀ pé 2,875 ni. Bí ìlà náà bá wá tẹ̀ díẹ̀ ńkọ́? Sheldon Katz dáhùn ìyẹn ní 1986: 609,250. Ìpele kẹta ló wá di iṣu ata yán-an-yán-an. Ọmọ Norway méjì, Geir Ellingsrud àti Stein Arild Strømme, gbé e fún kọ̀ǹpútà, ó sì gbé 2,682,549,425 jáde. Ní àkókò náà, onímọ̀ mẹ́rin, Philip Candelas, Xenia de la Ossa, Paul Green àti Linda Parkes, gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò ka ìlà kankan lórí ìrísí náà rárá. Inú dígí rẹ̀ ni wọ́n lọ, níbi tí ìṣirò ti rọrùn, wọ́n sì gbé tiwọn jáde: 317,206,375. Ohun tó tún ga jù ni pé ìlànà kan ṣoṣo yẹn ń sọ iye ìpele kẹrin, ìkarùn-ún, àti èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá di ìwọ tàbí èmi. Nígbà tí wọ́n pàdé ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1991, iye méjì yìí dojú kọ ara wọn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣirò kò sì gba ti àwọn olókùn gbọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn ará Norway tún iṣẹ́ wọn yẹ̀ wò. Wọ́n rí àṣìṣe nínú ìlànà tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, wọ́n tún un ṣe, iye tó jáde sì jẹ́ 317,206,375 géérégé. Wọ́n kéde rẹ̀ fáyé gbọ́ láìfi bò. (Ì bá wù mí kí àwọn tó ń ka ìbò wa kọ́ irú ìwà yìí.) Alexander Givental ní 1996, àti Lian, Liu àti Yau ní 1997, ló wá fi ẹ̀rí tó dúró gbọn-in kín in lẹ́yìn.

Ẹ kíyè sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn. Orílẹ̀-èdè kékeré ni Costa Rica tí wọ́n ti bí Xenia de la Ossa, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ́kọ́ ka yunifásítì kó tó rékọjá sí Amẹ́ríkà. Lónìí, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Oxford.

N kò ní tan yín. Ìmọ̀ okùn yìí ní ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n jọ ń rìn, èyí tó sọ pé gbogbo ẹyọ tíntín tó wà láyé ló ní ìbejì tirẹ̀. A ti rí Táyé, Kẹ́hìndé là ń retí. Láti 2008 ni ẹ̀rọ ńlá tó wà ní CERN, lẹ́bàá Geneva, ti ń bá iṣẹ́ lọ. Ó rí ẹyọ Higgs ní 2012, ṣùgbọ́n kò tíì rí Kẹ́hìndé kankan. Ó lè jẹ́ pé kò sí. Síbẹ̀, ìṣirò ìbejì yìí kan náà ni Nathan Seiberg àti Edward Witten lò ní 1994 láti tan ìmọ́lẹ̀ sí ìṣòro agbára tó so àwọn ẹyọ pọ̀, èyí tó ti ń fún àwọn ọ̀mọ̀wé lórí tipẹ́. Iye 317,206,375 kò sì ní yí padà, bí okùn wà, bí kò sí.

Ìṣirò ìbejì yìí ló mú wa dé ọ̀dọ̀ Abdus Salam, ọmọ Pakistan. Òun àti John Strathdee wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní 1974, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979. Nígbà tó ti England padà sílé lọ kọ́ni ní Lahore ní 1951, ọ̀gá ilé ìwé ní kó gbàgbé ìwádìí, kó wá máa bójú tó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Kò rí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1954, ó tún padà sí England. Ìrora yẹn ló mú un dá ibùdó sílẹ̀ ní Trieste, ní Ítálì, lọ́dún 1964, kí ọ̀mọ̀wé láti ilẹ̀ tálákà lè máa lọ mu nínú kànga ìmọ̀ kí ó sì padà sílé, láìsọ ara rẹ̀ di aláìnílùú.

Trieste yìí ló ran Ọ̀jọ̀gbọ́n Jean-Pierre Ezin lọ́wọ́ tó fi dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìsì sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin ní 1988. Dangbo ló wà, nítòsí Àjàṣẹ́, níbi tí àwọn èèyàn wa ti ń sọ Yorùbá títí dòní. Ní Kútọnu pẹ̀lú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Norbert Hounkonnou ń darí ibùdó físíìsì oníṣirò tí UNESCO fọwọ́ sí. Benin kò ní epo rọ̀bì bíi tiwa. Kò sì ní Ìkàtẹ́.

Kì í ṣe pé a kò ní orí. Chike Obi gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní 1950, Adégòkè Olúbummọ́ láti Ọ̀rìn-Èkìtì gba tirẹ̀ ní 1955, James Ezeilo ní 1959. Ezeilo yìí náà ló kọ́kọ́ darí ibùdó ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988 kan náà. Ṣùgbọ́n ibùdó kan ṣoṣo fún orílẹ̀-èdè tó tó báyìí kéré jù. Ní ojú ọ̀nà Lẹ́kí tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ilé tí wọ́n ti ń kọ́ni lówò ṣíṣe wà ní Ajah, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìjọba Èkó dá yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ ní Ìkòròdú ní 2022. Ibẹ̀ ni mo ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí àwọn olówó Ìkàtẹ́ sì dá sí i.

Kí ni wọn yóò rà? Wọn kò nílò ẹ̀rọ ńlá bíi ti CERN. Yàrá kan, pátákó, ṣọ́ọ̀kì, ìwé, iná tí kì í lọ, owó oṣù olùkọ́ mẹ́ta tó ń tètè dé, àti owó oúnjẹ fún ọmọ mẹ́wàá. Ẹni tó bá ní owó náà pọ̀jù, kó kọ́kọ́ lọ béèrè iye tí pùlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo jẹ́ ní Ìkàtẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ka ìṣirò tó ń bá wọn tà á.