Ọjọ́ Àìsàn Òṣìṣẹ́

Ìlera loògùn ọrọ̀. Láti Lekki títí dé Ajah, àwọn ilé-iṣẹ́ kan a máa pe oníṣègùn wá láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà àwọn òṣìṣẹ́ wò. Ohun dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó yẹ ara òṣìṣẹ́ wò lónìí, tí ó sì gé owó rẹ̀ nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀ lọ́la, ọwọ́ ọ̀tún ló fi fúnni, ó fi tòsì gbà á padà. Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa gbé àìsàn lọ sẹ́nu iṣẹ́ títí yóò fi dá a wólẹ̀.

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún tí wọn kò gbọdọ̀ gé owó rẹ̀, bí oníṣègùn bá jẹ́rìí sí àìsàn rẹ̀. Òfin ọdún 2022 sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé orílẹ̀-èdè yìí. Ta ni ń sọ èyí fún lébìrà, ọlọ́dẹ àti agbálẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ń wá iṣẹ́, ẹ má bèèrè owó oṣù nìkan. Ẹ bèèrè adójútòfò, ẹ bèèrè ọjọ́ àìsàn. Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, àmánà ni ara òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kí ó bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.