Ẹ̀yìn alùpùpù ni ẹrù wà, ẹ̀yìn ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe

Àwọn àgbà ló sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí ló mú kí n dojú ọ̀rọ̀ òní kọ ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ wà ní abúlé àti ìletò, nítorí pé ẹ̀yin lẹ ń gun alùpùpù lọ sóko, orí rẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ yín ń jókòó sí lọ sílé ìwé, sọ́jà àti sílé ìwòsàn.

Kò sí àní-àní pé owó alùpùpù tuntun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Ìdí nìyí tí Honda CG125, Suzuki àti Bajaj àtijọ́ fi ṣì ń ru gbágùúdá, kòkó àti ènìyàn kiri. N kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí pé alùpùpù rẹ̀ ti gbó. Ibi tí a ń ná owó àtúnṣe sí ni mo ń bá wí. Bí owó díẹ̀ bá wọlé lẹ́yìn ìkórè, ọ̀dà tuntun ni a ó kọ́kọ́ rà, a ó tún ìjókòó ṣe, a ó ra fèrè tó ń ké bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Táyà ẹ̀yìn ti dán bí orí apárí, ṣọ́ọ̀kì ti ń jo òróró, ẹnikẹ́ni kò sì wo ibẹ̀.

Ìjọba náà kò wo ibẹ̀. Ní oṣù January ọdún 2009, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú àwọn ọlọ́kadà àti èrò wọn láti dé akoto. A rẹ́rìn-ín nígbà náà, nítorí pé àwọn kan ń dé igbá àti ike ọ̀dà sórí kí wọ́n má baà mú wọn. Akoto dára, ó ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ìgbà tí ènìyàn bá ṣubú tán ni iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Èkó ní tirẹ̀ fòfin de ọ̀kadà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní ọdún 2020 àti 2022. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní oko tí ọkọ̀ kò lè wọ̀, kí ni a ó fi rọ́pò rẹ̀?

Iṣẹ́ méjì ni ṣọ́ọ̀kì ń ṣe. Sípíríǹgì tí à ń rí lóde ló ń gbé ẹrù. Òróró inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí alùpùpù máa fò sókè sódò lẹ́yìn tó bá ti wọ kòtò. Bí òróró náà bá jò tán, táyà ẹ̀yìn yóò máa fò kúrò nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni táyà tí kò kan ilẹ̀ kò lè gbọ́ràn sí bíréèkì lẹ́nu. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìdí alùpùpù mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ó bá gòkè lẹ́ẹ̀kan tó sì dúró jẹ́ẹ́, ó ṣì dára. Bí ó bá ń mì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tàbí tí òróró ti rin ọ̀pá rẹ̀, ó ti tó pààrọ̀.

Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni ọgbọ́n tí àwọn kan ń dá. Mo ti rí ẹni tó gé rọ́bà tíúbù há àárín sípíríǹgì, mo sì ti rí ẹni tó jó irin mọ́ ọn kó lè ru àpò púpọ̀. Irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ kò ní ṣọ́ọ̀kì mọ́. Férémù àti ọ̀pá ẹ̀yìn ẹni tó gùn ún ni kòtò ń bá jà. Méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀, kí gígùn wọn sì bá ti tẹ́lẹ̀ mu, nítorí pé èyí tó gùn jù yóò gbé ìdí alùpùpù sókè, yóò sì da ṣéènì rú. Bí ẹrù bá wúwo, kí mẹ́káníìkì yí òrùka onípele tó wà lára ṣọ́ọ̀kì. Ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn.

Ní ti táyà, ẹ má ra tòkunbọ̀ nítorí pé ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Lára táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ 3219, ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. FRSC sì máa ń kìlọ̀ pé kí táyà má lò ju ọdún mẹ́rin lọ. Bí ẹ bá tún rí 50P, nọ́ńbà 50 yẹn túmọ̀ sí pé kílò 190 ni gbogbo ohun tí táyà náà lè gbé. Bí àgbàlagbà mẹ́ta bá wọn kílò 65 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, 195 nìyẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà lórí táyà ẹ̀yìn, kí a tó gbé àpò gaàrí lé e, kí a tó ka ìwọ̀n alùpùpù fúnra rẹ̀. Ẹ ra tíúbù tuntun mọ́ táyà tuntun, kí fọ́kánáísà fi géèjì wọn atẹ́gùn rẹ̀, kí ẹ sì rọra gùn ún ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, nítorí pé ojú rẹ̀ á ṣì máa yọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà àti ìjọba ìbílẹ̀ ni pé kí àwọn tó ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì máa wo táyà àti ṣọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà máa yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó fún un, bí wọ́n ṣe ń yá a fún ajílẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, kí ẹ tó gun ọ̀kadà, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí táyà bá ti dán, ẹ sọ fún ọmọ náà pé ẹ kò gùn. Yóò gbọ́ tiyín ju ti ọlọ́pàá lọ. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Owó táyà kan àti ṣọ́ọ̀kì méjì kò tó ohun tí a ó san fún ẹni tó ń to eegun.