Ẹ Má Gé Àlejò Jẹ

Láti ọdún 2001 ni Wikipedia ti ń kéde pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ojú àlejò ń rí lórí ti èdè Gẹ̀ẹ́sì: yóò fi gbólóhùn kan kún àyọkà, kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun tọ́ka sí ibi tí òun ti rí i, kí ó tó ṣẹ́jú, wọ́n ti pa á rẹ́, ìkìlọ̀ tí a ti kọ sílẹ̀ de gbogbo ayé sì ti bọ́ sí ojú ewé rẹ̀. Ṣé ìbáwí nìyẹn? Ìlànà wọn gan-an ní kí a má ṣe gé ẹni tuntun jẹ! Lẹ́yìn ọdún 2007, iye àwọn òǹkọ̀wé ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ìwádìí tó jáde ní 2013 sì tọ́ka sí irú ìparẹ́ báyìí.

N kò ní kí a gba ọ̀bàyéjẹ́ láàyè. Ẹni tó ń kọ èébú, ẹ tì í síta. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ “owo” láìfi àmì sí i lórí Wikipedia Yorùbá, ẹ bi í bóyá owó ni, tàbí ọwọ́, tàbí òwò, kí ẹ sì bá a fi àmì náà sí i. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.