Iyọ̀ àti Ṣúgà Lẹ́nu Ọ̀nà Ìfun

Ẹ̀yin abiyamọ, ọ̀rọ̀ ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru ni a mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Àwọn kan a máa fi omi dù ú, wọ́n a ní bí ó bá ti ń mu ni yóò máa yà á. Àwọn mìíràn a máa fún un ní omi lásán, síbẹ̀ ojú rẹ̀ a máa jìn wọnú. A fẹ́ fi ìdí rẹ̀ hàn yín tí ọ̀nà méjèèjì kò fi tó.

Àwọn yàrá kéékèèké tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ni ó para pọ̀ di ara wa. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ní ọ̀rá ni ó bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú lè la awọ yìí kọjá fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ àti ṣúgà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n gba àwọn ilẹ̀kùn tí ó wà lára rẹ̀. Ní ti omi, ibi tí iyọ̀ tàbí ṣúgà bá pọ̀ sí ni í máa ń wọ́ lọ. Ìdí nìyí tí ẹja tútù tí a bu iyọ̀ sí fi ń sun omi.

Ilẹ̀kùn kan wà lára sẹ́ẹ̀lì ìfun tí kì í ṣí fún ṣúgà nìkan tàbí iyọ̀ nìkan. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá dé pọ̀ ni í gbà wọ́n wọlé, omi a sì tẹ̀ lé wọn. Robert Crane ni ó ṣàlàyé èyí ní ìlú Prague ní ọdún 1960. Oró àrùn onígbáméjì a máa mú kí sẹ́ẹ̀lì ìfun da iyọ̀ àti omi síta, ṣùgbọ́n kì í ba ilẹ̀kùn yìí jẹ́.

Ní ọdún 1971, ogun lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bangladesh nísinsìnyí wọ ilẹ̀ Íńdíà. Onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn ní Bangaon, omi tí a ń fà sí iṣan ara kò sì tó. Dókítà Dilip Mahalanabis mú kí a po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, àwọn ará ilé aláìsàn sì ń fi ife bù ú fún wọn mu. Bí 30 nínú 100 ni ó ń kú tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn tí ó kú kò tó 4 nínú 100.

Bí kò bá sí èyí tí a dì sínú àpò ní ilé olóògùn nítòsí, ẹ mú omi lítà 1 tí a ti sè tí ó sì ti tutù. Ẹ bu ṣúgà ṣíbí kékeré 6 sí i, kí ojú ṣíbí tẹ́jú, àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kan náà. Ẹ má ṣe fojú díwọ̀n o! Iyọ̀ àpọ̀jù léwu fún ọmọ. Ṣúgà àpọ̀jù a sì máa fa omi ara rẹ̀ padà sínú ìfun. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, pàápàá lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe gba ọmú lẹ́nu rẹ̀.

Kí ẹ má ṣe sọ ìrètí nù bí ìgbẹ́ kò bá dá lójú ẹsẹ̀, nítorí omi tí ó sọnù ni oògùn yìí ń dá padà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá lè mu, tàbí tí ó rẹ̀ ẹ́ jù, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ láìfi falẹ̀.

Ẹ gé ìwé yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná.