Páàdì ìdíje kọ́ ni Hawan Kibo ń fẹ́

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Jos, Bukuru àti agbègbè wọn, ìmúra ìrìn àjò ilé ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wa mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà tàbí Adó-Èkìtì ti ń gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì báyìí, ọ̀rọ̀ páàdì bíréèkì ló sì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn ọ̀dọ́ ní páàdì mọ́tò ìdíje ló yẹ ká rà, torí Hawan Kibo. Àwọn àgbà ní páàdì kan ò ju páàdì kan lọ, èyí tí mẹkáníìkì bá rí lọ́jà ni kó fi sí i. Èmi ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan nínú wọn. Mọ́tò tí à ń wà lójú títì ní irú páàdì tirẹ̀, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Iṣẹ́ bíréèkì ò ju pé kó sọ eré mọ́tò di ooru lọ. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, páàdì á fún dísìkì mọ́ra, wọ́n á ha ara wọn, eré á relẹ̀, ooru á sì jáde. Ẹni tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ooru tí bíréèkì rẹ̀ máa gbà kó tó dúró kì í ṣe ìlọ́po méjì ti ẹni tó ń sá 50 o. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Tí Sienna bá wá kún fún èèyàn, tí àpò ọ̀dùnkún àti ẹrù ilé tún wà lẹ́yìn, ooru yẹn á lé sí i.

Ìlú tí à ń gbé yìí ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 sí òkun. Ẹni tó bá ń lọ sí Akwanga gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè yìí, gbogbo wa la sì mọ orúkọ tí Hawan Kibo ní nídìí ìjàǹbá ọkọ̀. "Hawan" lédè Hausa, gígun òkè ni. Fún àwa tí à ń lọ sílé, sísọ̀ ni. Gígun òkè ń dán ẹ́ńjìnnì wò, sísọ̀ ló ń dán bíréèkì wò. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, páàdì máa ń ráyè tutù kẹ́ ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá gbẹ́sẹ̀ lé bíréèkì láti òkè títí dé ìsàlẹ̀ ò fún un láyè kankan.

Ìdí nìyẹn táwọn ọ̀dọ́ fi ń pariwo páàdì ìdíje. Òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ wọn: páàdì yẹn ń fara da ooru tó máa ba páàdì lásán jẹ́. Ohun tí wọn ò sọ ni pé ó nílò ooru yẹn kó tó lè ṣiṣẹ́. Àwọn kan wà tí wọn kì í di dísìkì mú dáadáa àfi tí ooru bá ti ju 200°C lọ. Lórí pápá ìdíje, awakọ̀ á ti mú bíréèkì gbóná kí eré gidi tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe ń jáde nílé laago mẹ́fà àárọ̀ nínú ọyẹ́ Jos? Ẹ ò tíì dé Terminus, ọmọ ilé-ìwé kan já lu títì, ẹ tẹ bíréèkì, páàdì ṣì tutù, mọ́tò ò dúró bó ṣe yẹ. Nígboro, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń gba ẹ̀mí là. Ká má tíì sọ pé púpọ̀ nínú páàdì bẹ́ẹ̀ ń jẹ dísìkì, ó sì ń han etí adúgbò.

Ti àwọn àgbà wa wá ńkọ́? Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má bínú, páàdì kan ju páàdì kan lọ dáadáa. Oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n pò pọ̀ di páàdì, gọ́ọ̀mù kan ló so wọ́n pọ̀, wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin pẹlẹbẹ. Tí ooru bá ju agbára gọ́ọ̀mù yẹn lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, èéfín rẹ̀ á wọ àárín páàdì àti dísìkì. Nígbà yẹn, bíréèkì á le lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, mọ́tò á sì máa lọ. Ojú lásán ò lè fi èyí hàn lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Páàdì burúkú náà máa ń nípọn, ó máa ń mọ́, páálí rẹ̀ sì máa ń dán.

Kí wá ni ká rà? Páàdì tí wọ́n dìídì ṣe fún ojú títì, tó ń mú láti ìtẹ̀ àkọ́kọ́, tó sì lè gba ooru òkè. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Ferodo, EBC àti Hawk ń ṣe ti ìdíje lọ́tọ̀, wọ́n ń ṣe ti ojú títì lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sí i pé pápá ìdíje nìkan ni ó wà fún, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Lẹ́yìn náà, ẹ yí páàdì sí ẹ̀gbẹ́, ẹ wo àwọn nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ páàdì, ẹ máa rí lẹ́tà méjì bíi EE, FF tàbí GG. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń di dísìkì mú tí ooru bá mọ níwọ̀n, ìkejì ń sọ ti ìgbà tó bá gbóná gan-an. E jẹ́ láti 0.25 sí 0.35, F láti 0.35 sí 0.45, G láti 0.45 sí 0.55. Èyí tó bá jẹ́ FE, agbára rẹ̀ ń dínkù bó ṣe ń gbóná nìyẹn. Èmi ò lè fi èyí tó kéré sí FF sọ Hawan Kibo. Ti Yúróòpù máa ń ní lẹ́tà E nínú òrùka, àti R90. Àwọn ayédèrú náà mọ lẹ́tà kọ o, nítorí náà ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó lè já ìwé fún yín, tẹ́ ẹ sì lè padà lọ bá.

Tí wọ́n bá bi yín pé ceramic tàbí semi-metallic, ìdáhùn wà lọ́wọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń lo mọ́tò yín. Ceramic kì í pariwo, kì í da eruku púpọ̀, ó dáa fún Corolla tó ń lọ síbi iṣẹ́ tó ń bọ̀. Semi-metallic ní irin nínú, ó lè pariwo díẹ̀, àmọ́ ó sábà máa ń fara da ooru jù. Ẹni tó bá ń kẹ́rù sọ òkè yẹn lóṣooṣù, èyí ni kó mú.

Síbẹ̀, páàdì tó dáa jù láyé ò lè gbà yín tí ọ́ìlì bíréèkì bá ti gbó. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́. DOT 4 tuntun kò gbọ́dọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C, àmọ́ tó bá ti fa omi tán, ó lè hó ní 155. Ti DOT 3 jẹ́ 205, tó bá fa omi, 140. Tó bá ti hó, ìhó náà á dá èéfín sílẹ̀ nínú rẹ̀, bíréèkì á sì rì dé ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó páàdì.

Ìyókù wà lọ́wọ́ awakọ̀. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ẹ fi jíà sí kékeré, ẹni tó ń wa ọtọmátíìkì kó fi sí 2 tàbí L, kí ẹ́ńjìnnì bá yín di mọ́tò mú. Ẹ tẹ bíréèkì kó mú dáadáa, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ kó tutù. Àwọn tó máa ń fi jíà sí fírì torí kí wọ́n lè ṣọ́ epo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ayé òde òní, tẹ́ ẹ bá fi jíà síbẹ̀ tẹ́ ẹ sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á dá epo dúró. Fírì gan-an ló ń jẹ epo.

Ẹ má sì de páàdì tuntun lónìí kẹ́ ẹ gbéra lọ́la. Ẹ jẹ́ kí òun àti dísìkì kọ́kọ́ mọ ara wọn. Níbi tí títì bá ti dá, ẹ sá 60, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ wá sí bíi 10 láì dúró pátápátá, kẹ́ ẹ ṣe é bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá wakọ̀ jẹ́jẹ́ kó tutù. Páàdì ọ̀tún àti ti òsì la jọ ń pààrọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀dọ́ sọ òótọ́ pé páàdì yàtọ̀ síra, àgbà sọ òótọ́ pé ti ìdíje kì í ṣe tiwa. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: Jos níbí ló yẹ ká ti wo bíréèkì, kì í ṣe ní agbede méjì Hawan Kibo. Àwọn tó ń retí wa nílé ò béèrè iye tá a ra páàdì. Ká ṣáà dé ni wọ́n fẹ́.